Ó Ní Mẹ́jọ, Mo Kọ Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má ṣàánú mi. Mo ti ka ìtàn àwọn ẹlòmíì níbí, mo sì rí i pé bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ ni wọ́n ń fọgbọ́n tọrọ àforíjì. Èmi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ọkùnrin kan kú sí mi lọ́rùn, bó ṣe kú ni mo fẹ́ sọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀. Kílíníìkì kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì. Àga mẹ́fà, ọ̀pá irin mẹ́fà tí a ń fi omi kọ́, àti fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí. Oògùn kan ṣoṣo là ń fà sí àwọn èèyàn lára níbẹ̀. Antiọsidáǹtì ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Àwọn aláìsàn ń pè é ní omi ọsàn torí àwọ̀ rẹ̀.

Dókítà wa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Ṣé ẹ mọ bí irin ṣe ń dípẹtà? Ara èèyàn náà ní ìpẹtà tirẹ̀, pàápàá tí àìsàn bá ti pẹ́ níbẹ̀. Oògùn yìí ń dí i lọ́wọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kì í ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń wo gbogbo àrùn, ẹ sá fún un."

Ká lè mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún la ṣe ní ìwé ìrora. Kí n tó gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, màá bi í pé láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe ń dùn ún tó. Màá fi gègé aláwọ̀ búlúù kọ ọ́. Tí omi bá tán, màá tún bi í, màá fi pupa kọ ìyẹn. Ibòmíì ni Dókítà ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń wá ka ìwé náà. Tí nọ́ńbà pupa aláìsàn kan ò bá wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò ní rí omi ọsàn gbà mọ́. Dókítà máa kọ lẹ́tà fún un, ó di ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n lọ wá ohun tó ń ṣe é gan-an.

"Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run," Dókítà máa ń sọ fún mi. "Torí náà la ṣe ń bi wọ́n. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o kọ."

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn aláìsàn náà. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n fi bí i. Àwọn òbí wa ti kú, èmi nìkan ló ní. Kó tó di pé ó ń gba omi ọsàn, kò sí oṣù tí eegun rẹ̀ kì í da á dùbúlẹ̀, táá máa ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, oṣù mẹ́jọ kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló dá a wólẹ̀. Ó yó, ó sanra díẹ̀, ó ń bínú sí mi bí èèyàn tó ní ìlera. Ilé ìwé kan sì ti gbà á kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà ìgbìmọ̀ ìlera dé.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá gbogbo kílíníìkì kéékèèké tó ń po irú oògùn yìí dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn aláìsàn òun ṣì máa rí i gbà, kó kó àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjìlá wá síwájú àwọn. Wọ́n máa kọ̀wé pe àwọn aláìsàn náà wá, wọ́n máa kà á sétí wọn.

Mo bi Dókítà pé, "Mà, tí wọn ò bá gbà ńkọ́?"

"Ká sọ òótọ́ ká wò ó."

"Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún ńkọ́, mà?"

"Àwọn náà wà nínú òótọ́. Nọ́ọ̀sì, lọ gbé ìwé tuntun."

Mo gbé ìwé tuntun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga ni Bàbá Mẹ́jọ.

Télọ̀ ni. Àtọ̀gbẹ ti bá a fínra lọ́dún púpọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì ń jó o bí iná. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Mẹ́jọ, torí pé láti ọ̀sẹ̀ méjì tó ti dé, kò mọ nọ́ńbà míì. Mẹ́jọ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, mẹ́jọ tí abẹ́rẹ́ bá jáde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ méje lónìí kí inú wa dùn," ni mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́.

"Ọmọ mi, tí mo bá yọ íǹṣì kan kúrò nínú ìbàdí ẹ kí inú ẹ lè dùn, ṣé wàá lè wọ síkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún? Ìwọ̀n ni ìwọ̀n ń jẹ́. Kọ mẹ́jọ."

Mo fi búlúù kọ mẹ́jọ. Nígbà tí omi tán, ó tún ní mẹ́jọ. Mo mú gègé pupa. Mo wo àga kẹfà níbi tí àbúrò mi jókòó sí, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, tó sì ń dá rẹ́rìn-ín. Mo kọ mẹ́ta.

Ó rọrùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún èèyàn nípa ìwà ìkà nìyẹn.

Mo tún ti ẹlòmíì méjì ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó nǹkan. Mo sọ márùn-ún di mẹ́rin, mo sọ méje di márùn-ún. Ti Bàbá Mẹ́jọ ni mo gbá mú. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní mẹ́jọ, mo kọ mẹ́rin, kó má baà jọ pé mo ń hùmọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mẹ́ta.

Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin, Dókítà fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ títí dé ìparí ìlà. "Ti bàbá yìí yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dí. Mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Ó ní ó ti dín kù gan-an."

"Ó dáa. Kó máa bá a lọ."

Bàbá Mẹ́jọ náà béèrè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. "Kí ni dókítà wí nípa mẹ́jọ mi?"

"Ó ní kẹ́ ẹ máa bá a lọ, Bàbá."

"Ó dáa. Òun ló mọ̀wé."

Ọ̀sẹ̀ keje, kò lè wọ bàtà mọ́, sálúbàtà ló wọ̀ wá. Ó gun àtẹ̀gùn wa fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo gbọ́ bó ṣe ń dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó jókòó, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀hún. Ó tutù nini. Ọmọ ìka rẹ̀ ti ń dúdú.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó máa kọ́ mi ní ìtumọ̀ ìyẹn.

"Mẹ́sàn-án ni lónìí," ó wí. "Kọ ọ́ dáadáa."

Mo kọ méjì.

Kí ni mo lè sọ fún Dókítà? Bí mo bá ní ẹsẹ̀ bàbá ń kú lọ, yóò ní kí n gbé ìwé wá, ìwé yóò sì ní bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó ijó. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ọgbọ́n àrékérekè kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo sọ fún bàbá pé, "Ẹ ò ṣe dé ilé ìwòsàn ńlá fúnra yín, kí wọ́n bá yín wo ìka yìí?"

"Mo ti lọ. Wọ́n ní ti ẹsẹ̀, láìsí lẹ́tà dókítà, àwọn ò lè gbà mí wọlé. Bá mi gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ dókítà yín, ọmọ mi."

"Màá gbà á."

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ní, "Lẹ́tà mi ńkọ́?"

"Dókítà ò tíì fọwọ́ sí i, Bàbá."

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó tún béèrè. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún. Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni."

"Ṣé kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ ẹ́? Bóyá mẹ́jọ tí mo ń sọ ṣáá yẹn ló ń bí i nínú. Tí ó bá jẹ́ ìyẹn ni, kọ mẹ́fà fún mi, ọmọ mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà fún mi ní lẹ́tà."

Ẹ gbọ́ mi? Ọkùnrin tí kò lè fi íǹṣì kan purọ́ ń bẹ̀ mí pé òun ṣe tán láti purọ́. Mo sì tún bá a wí. Mo ní, "Bàbá, a kì í purọ́ fún ìwé níbí." Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Àbúrò mi gbọ́ ọ, ó sì fi ojú kí mi pé mo ṣe é dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kò wá. Mo rò pé ó bínú ni. Inú mi tiẹ̀ dùn, kí n má purọ́ fún yín. Ara tù mí. Àga ṣófo, kò sí ẹni tó ń bi mí ní lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Mo kọ méjì fún un. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, mo kọ ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kejìlá, mo wo ìlà náà bó ṣe rí, mo rí i pé ó yẹ kó ní ìparí tó dùn. Mo kọ òdo.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Yàrá gígùn kan ni, tábìlì méjì tí wọ́n so pọ̀, fáànù lókè, àga ike fún àwa yòókù. Àbúrò mi jókòó ní ìlà kẹta. Ó wọ bàtà tuntun tó rà fún iṣẹ́ olùkọ́. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ obìnrin àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ le bí ẹni tí ehín ń dùn.

Dókítà dìde, ó ń kà. Ohùn rẹ̀ le, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ó ka ẹni àkọ́kọ́, ó ka ẹnì kejì. Nígbà tó dé orí ẹnì kẹta, ó ní, "Bàbá kan ni, télọ̀, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Láti mẹ́jọ ló ti wálẹ̀ dé òdo. Nínú gbogbo wọn, tirẹ̀ ló yá jù."

Obìnrin kan nawọ́ sókè lẹ́yìn. Aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ẹ bá mi ka ọ̀sẹ̀ kẹwàá."

Dókítà wo ìwé. "Méjì."

"Ọjọ́ yẹn la gbé e lọ ní pàjáwìrì, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kọkànlá ńkọ́?"

Dókítà wo ìlà tó tẹ̀ lé e. "Ọ̀kan."

"Ọjọ́ yẹn ló kú. Kejìlá?"

Alága ló nawọ́ gba ìwé, tó kà á fúnra rẹ̀. "Òdo."

"A ti sin ín ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ìyẹn náà ò burú. Òótọ́ lẹ kọ. Kò dùn ún mọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Títí dòní n ò mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Obìnrin náà wá mú ìwé pélébé kan jáde, èyí tí ọkọ rẹ̀ máa ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí. Ó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó ń kà á bí ọmọ ilé ìwé. "Ìṣẹ́gun: mẹ́jọ, mẹ́jọ. Ìṣẹ́gun: mẹ́jọ, mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ní dókítà ní kí n máa bá a lọ. Ìṣẹ́gun: mẹ́sàn-án. Mo bẹ̀ wọ́n fún lẹ́tà. Ìṣẹ́gun: mo tún bẹ̀ wọ́n fún lẹ́tà." Ó gbójú sókè. "Ta ni nọ́ọ̀sì ọ̀hún?"

Kò sí ẹni tó tọ́ka sí mi. Gbogbo ojú ló kàn yí wá.

"Lẹ́tà wo?" Dókítà bi mí. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi mí. "Nọ́ọ̀sì, lẹ́tà wo?"

"Mà, mo fẹ́..."

"Ó bẹ̀ ẹ́ fún lẹ́tà, o ò sọ fún mi?"

Ó gba ìwé ìrora lọ́wọ́ Alága, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo kọ ọ́. Dìde, ka ìyókù."

Wọ́n mú mi ka gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ka ẹnì kan tán, Alága á ní, "Ṣé òótọ́ nìyẹn?" Mo ní òótọ́ ni. Ó kọjá. Mo ka ẹlòmíì. "Òótọ́ nìyẹn?" Mo ní rárá, mo dín in kù. Ó kọjá. Ohùn rẹ̀ ò yí padà, ó jọ pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀.

Mo dé orí àbúrò mi. Mo ka ọ̀sẹ̀ méjìlá rẹ̀. Méje sí méjì. Mẹ́fà sí ọ̀kan. Mẹ́ta sí òdo.

"Òótọ́ nìyẹn?"

"Òótọ́ ni! Ẹ jọ̀ọ́, mà, eléyìí, òótọ́ ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. N ò fọwọ́ kan tirẹ̀ rárá."

"Kí ni ẹ jẹ́ síra yín?"

"Àbúrò mi ni."

Alága dé ìdérí gègé rẹ̀. Àbúrò mi dìde ní ìlà kẹta, ó ní, "Mà, ẹ bi èmi fúnra mi. Ẹnu mi rèé." Alága ní kó jókòó. Ó ní ẹnu kọ́ ni ìgbìmọ̀ ń kà, ìwé ni.

Ó wá kọjú sí mi. "Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ kó o gbé e lọ sílé. Kílíníìkì kan ti wá síbí láàárọ̀ yìí, oògùn kan náà ni tiwọn. Aláìsàn mẹ́rìnlá. Nínú ìwé wọn, márùn-ún ni kò ṣe ní oore kankan. Torí márùn-ún yẹn la ṣe gba àwọn mẹ́sàn-án gbọ́. A ti fún wọn láṣẹ. Ká ní mẹ́jọ lo kọ fún ọkọ obìnrin yìí, ilé ìwòsàn ni ì bá wà báyìí, ẹ̀yin náà ì bá sì ti gba tiyín."

Wọ́n ti kílíníìkì wa pa kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, ẹjọ́ bàbá náà sì wà ní kóòtù. Ìwọ̀nyẹn ò jọ mí lójú, mo ti mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Èyí tó jọ mí lójú ni ti àbúrò mi.

A lọ bá kílíníìkì kejì. Wọ́n gbà wá dáadáa. Wọ́n ní àwọn lè gbà á, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó ti ọwọ́ mi wá kò wúlò, ìgbìmọ̀ ti kìlọ̀ fún àwọn. Ó gbọ́dọ̀ tún un bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlá láìgba oògùn, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí àìsàn náà ṣe le tó, kí wọ́n tó fún un.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni eegun dá a dùbúlẹ̀ nínú kíláàsì, níwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Ọ̀sẹ̀ keje, ó tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjìlá fi pé, eegun ìbàdí rẹ̀ òsì ti kú, igi ló ń fi rìn. Ilé ìwé ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Wọ́n wá ń fún un ní omi ọsàn báyìí, ó sì ń ṣe é lóore bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í jí eegun tó ti kú.

Yàrá kan ló gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílíníìkì ọ̀hún. Kò jẹ́ kí n wọlé. Ẹnu ọ̀nà la ti ń sọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, mo sunkún síbẹ̀, mo ní, "Àbúrò mi, torí tìẹ ni mo ṣe ṣe é. Kí oògùn má baà bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni."

Ó wò mí. Kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbé òkú bàbá yẹn kọ́ mi lọ́rùn. Mo wà lórí àga kẹfà ní gbogbo ìgbà tó ń sọ mẹ́jọ. Ẹ bi mí rí? Ká ní ẹ bi mí pé, 'Ṣé kí n pa bàbá yìí kí ara ẹ lè dá,' kí lẹ rò pé màá sọ?"

Mo nu ojú mi.

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yẹn tí ẹ fẹ́ràn láti máa kà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn má kọ ọ́ pé torí mi ni. Ẹ kọ ìdí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó ti ilẹ̀kùn.

Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi gbé e lé ẹ̀yìn, tí mo fi ń fọ èébì rẹ̀, tí mo fi ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ọkùnrin méjì fẹ́ fẹ́ mi, wọ́n gbọ́ igbe náà, wọ́n lọ. Fún oṣù mẹ́jọ, omi ọsàn bá mi gbé e, mo sì di èèyàn. N kò jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni tún dá a padà sí mi lẹ́yìn.

Àbúrò mi ti sú mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ mẹ́ta.